Omi Àlùwàlá Nínú Ìgò Ọ̀jọ̀gbọ́n Morita

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣe àdúà kí n tó lọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bi ìyàwó mi léèrè pé kí ni ọkùnrin tó ní làákàyè ń wá lọ sí Japan nítorí kòkòrò, mo ti dé. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò tíì balẹ̀ tán. Mo ti sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú mi rí fún àwọn kan ní Táíwò Road, wọ́n ní mò ń bù mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi, kí ẹlòmíràn má baà bá mi fi tirẹ̀ kún un.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Ganiyu ni mí, ọmọ Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé. Iṣẹ́ tèmi ni ìwádìí nípa àwọn ẹ̀dá tí ara wọn ń tan ìmọ́lẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń lọ sí àwọn oko tó wà lẹ́yìn Malete, tí mò ń mú tanátaná, tí mò ń sá wọn gbẹ, tí mò ń kọ ìgbà tí wọ́n ń tàn àti ìgbà tí wọ́n ń kú sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbà pé orí mi kò pé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn mi, wọn a máa bá mi kó tanátaná sínú ike. Wàhálà mi ni pé mo lè sọ pé kòkòrò kan tàn, mi ò lè sọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Láìsí iye yẹn, ìwé tí mò ń kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé kò lè dúró. Ọ̀gá ẹ̀ka wa, ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè, ti sọ fún mi pé àfikún àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ni ìkẹyìn. Bí ọdún bá fi parí tí mi ò mú àwọn iye náà wá, pẹ̀lú ìwé láti ọwọ́ ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń wọ̀n wọ́n, ọdún mẹ́sàn-án ti wọgbó nìyẹn.

Mo kọ lẹ́tà sí ènìyàn mẹ́tàdínlógún káàkiri ayé. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morita, bàbá arúgbó kan ní ìlú kékeré létí òkun ní Japan. Ó ní oṣù mẹ́ta ló kù kí òun fẹ̀yìn tì. Ó ní kí n máa bọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbé ẹrù

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù àti ìwé ìrìnnà dá yín lágara. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí mo ti rí bàbá kékeré kan tó wọ kóòtù, tó na bébà sókè bíi ti awakọ̀ tó wá pàdé àlejò. Orúkọ mi ló wà lára bébà náà. Mo rò pé dẹ́rẹ́bà ni wọ́n rán sí mi, mo kí i dáadáa, mo gbé àpótí mi fún un. Ó tẹrí ba, ó gbà á. A ti rìn jìnnà kí ó tó sọ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ka ìwé rẹ̀ ni mo di ẹrù lé lọ́wọ́, ẹrù tí kúlíkúlí àti ata gígún láti ọjà Ìpàtà sì ti mú wúwo. Mo fẹ́ gba àpótí náà padà, kò gbà. Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Obìnrin kan sáré wá, ó gbé omi lọ́wọ́, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibùdókọ̀ náà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpótí oògùn. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ara mi kò sọ ohun tí mo rò pé ó ń sọ lójú àwọn ènìyàn yìí.

Ìlú náà dákẹ́ débi tí mo fi ń gbọ́ bàtà ara mi. Nínú ọkọ̀, ẹnì kankan kì í bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, wọn kì í dáhùn fóònù, àfi bí ẹni pé ìsìnkú ni gbogbo wọn ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àyè ẹ̀gbẹ́ mi ni ó máa ń kún kẹ́yìn. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó sùn lọ, orí rẹ̀ sì wà ní èjìká mi títí mo fi kọjá ibi tí ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò jí i. Mo rìn padà, inú mi sì dùn ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Oúnjẹ wọn, ẹsẹ̀ mi

Nípa oúnjẹ, ẹja tútù ni wọ́n ń jẹ, tútù tí mo sọ yẹn, iná kò dé ibẹ̀ rárá. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n gbé e síwájú mi, mo ń dúró kí wọ́n wá gbé e lọ sí ìdáná. Àwọn náà ń dúró kí n jẹun. A jọ wo ara wa títí. Nígbà tí mo fi sẹ́nu, mo fi kúlíkúlí tì í lẹ́yìn.

Ẹni tó bá mi ṣe ojú rere jù ni Kanae, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ní yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún méjìlélógún ló ti fi bá a ṣiṣẹ́. Kò sọ fún mi o, ṣùgbọ́n mo rí i pé kó tó gbé ohunkóhun fún mi jẹ, yóò ti ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ tinútẹ̀yìn, bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí ọtí. Bísíkíìtì tó ní ìyẹn nínú, yóò jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀ kí n má baà rí i. Mo kọ èyí sí ìyàwó mi, ó ní kí n bá òun kí i.

Kanae yìí náà ni mo kó jìnnìjìnnì bá. Kò sí ibi tí mo ti lè ṣe àlùwàlá àfi ibi ìfọwọ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti fọ ojú, mo ti fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ibi ìfọwọ́ náà nígbà tí ó yọ. Ó dúró gbagidi. Ó yí padà, ó lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó padà pẹ̀lú àpótí kékeré tí mo lè jókòó lé àti aṣọ ìnura funfun kan, ó kó wọn sílẹ̀ láìwò mí lójú. Mo lo àpótí náà lójoojúmọ́. Aṣọ ìnura yẹn ni mi ò fọwọ́ kàn. Bàbá mi ti kọ́ wa láti kékeré pé omi àlùwàlá, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń bá a jáde lára, kí a jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Kò ní ó léèwọ̀ kí ènìyàn nù ún, ó kàn sọ pé ẹni tó bá nù ún ń kánjú ni. Mi ò nù ún rí láyé mi.

Ìgò náà

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìgò kan hàn mí. Kò tóbi ju ìgò oògùn ikọ́ lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó síbí méjì, ó gbẹ, ó rí bí ọkà bàbà tí wọ́n fọ́. Òkú kòkòrò òkun ni. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní tanátaná òkun. Bí ó bá wà láàyè, a máa tu ìmọ́lẹ̀ búlúù sínú omi. Ìyanu ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá sá a gbẹ, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí omi má kàn án, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í kú. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, fi omi kan ẹyọ kan, yóò tàn.

Olùkọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kó èyí ní etíkun kan tí kò sí mọ́. Wọ́n ti da iyanrìn àti kọnkéré dí i, ilé ìkẹ́rù ló wà níbẹ̀ báyìí. Láti ọdún tí olùkọ́ náà ti gbé ìgò yìí lé e lọ́wọ́, Morita ń mú ẹyọ mẹ́wàá péré nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kan náà, ó ń fi omi kàn wọ́n, ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wọn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kan. Ọdún mọ́kànlélógójì. Ó fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń darúgbó. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ó ní ti ọdún yìí ni ìkẹyìn tí òun yóò ṣe kí òun tó fẹ̀yìn tì, èmi ni yóò sì bá òun mú ẹyọ mẹ́wàá náà. Ó ní iṣẹ́ yẹn ni òun yóò fi kọ́ mi ní wíwọ̀n, ibẹ̀ náà ni òun yóò sì ti mọ ohun tí òun yóò kọ sínú ìwé tí mo fẹ́ gbà. Ara mi bù máṣọ. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì.

Àlùwàlá Alásárì

Aago mẹ́ta àbọ̀ ni a fi sí. Mo rò ó pé bí iṣẹ́ bá gùn, Alásárì yóò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá sáré ṣe àlùwàlá sílẹ̀ kí n lè kírun ní kété tí a bá jáde. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo wọ yàrá òkùnkùn náà. Inú yàrá náà kò ní fèrèsé, iná pupa kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀. Ó ṣí ìgò náà fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ irùngbọ̀n mi. Mi ò gbọ́ ìró kankan. Mo kàn rí i pé inú ìgò náà là, búlúù, ibì kan, lẹ́yìn náà ibì kejì, ibì kẹta. Omi ń kán láti irùngbọ̀n mi.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá ti gbé ojú kúrò lórí rẹ̀. Èmi ti apá ẹ̀wù mi bọ inú ìgò pé kí n fi fa omi náà. Mo gbàgbé pé apá ẹ̀wù náà ni omi wà jù, nítorí mi ò ká a sókè tó. Gbogbo ìgò tàn. Ó tàn débi tí mo fi rí ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo rí gbogbo irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo rí ọwọ́ ara mi bí ọwọ́ òkú.

Kò pariwo. Ó na ọwọ́, ó pa iná pupa. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ó sì ti ìwé àti pẹ́ńsùlù síwájú mi. Ó ní, “Kọ ọ́.”

Ó ń pe iye, mò ń kọ. Ìmọ́lẹ̀ ìgò náà ti wọ inú ẹ̀rọ lọ, mi ò rí bébà, mò ń fi ìka tọ́ ìlà. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Iye náà ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀. Ẹkún ń gbọ̀n mí, mi ò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò sí iye mọ́ láti pè, ó tan iná funfun. Ohun tó wà nínú ìgò ti di ẹ̀kọ tó bàjẹ́.

Nígbà náà ni bàbá yìí dìde, ó dojú kọ mí, ó tẹ ẹ̀yìn ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó ní kí n má bínú. Ó ní òun rí mi tí mò ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́, òun kò bi mí rí bóyá mo ń nu ara. Mo ti dàgbà ní Ìlọrin, mo ti rí àgbàlagbà tó ṣe àṣìṣe, mi ò rí àgbàlagbà tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé tó bá a ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀rù bà mí ju bí ó bá gbá mi létí lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Òun kò nàró, èmi kò dìde. Bí Kanae ṣe bá wa nìyẹn.

Mo wá ẹni tí yóò bá mi bẹ̀ ẹ́

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn kí mi bí wọ́n ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún mi ní tíì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kò jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, níhìn-ín, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, wọn a pariwo, wọn a pe ẹbí, a ó kó àgbà dání lọ bẹ ẹni tí a ṣẹ̀, ilẹ̀ yóò sì mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tiwọn yẹn, mi ò mọ ibi tí ènìyàn ti ń dì í mú. Mo ti gbà pé wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ lé mi lọ ni.

Mo lọ bá Kanae pé kó jọ̀ọ́, kó bá mi lọ bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò yé e. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tọrọ àforíjì, kí ló tún kù? Mo ṣàlàyé títí pé ẹni tó ṣẹ̀ kì í dá bẹ ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó dàgbà jù ú lọ níwájú. Ó ronú, ó ní, “Ta ni àgbà rẹ?”

Mo tẹ Bàbá láago.

Bàbá lórí fóònù

Àárín òwúrọ̀ ni ní Ìlọrin, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àwọn ọmọ kéwú ká. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n gbé fóònù lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá náà. Báyìí ni a ṣe wọ yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n Morita, mo gbé fóònù sórí tábìlì, èmi ń yí Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, Kanae sì ń yí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti le sí ti wọn.

Bàbá kọ́kọ́ ṣe àdúà gígùn lédè Lárúbáwá. Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde dúró títí ó fi parí. Bàbá wá ní, “Ganiyu, bá mi sọ fún wọn pé èmi ni mo bí ọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ lo lò. Bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, tèmi ni, kí wọ́n fi jì mí.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹrí ba fún fóònù.

Bàbá tún ní kí n sọ fún wọn pé Kùránì tí bàbá òun fọwọ́ kọ wà ní ilé wa, pé òjò jò bọ́ sórí rẹ̀ lọ́dún kan tí òun lọ síbi ìsìnkú, pé tàdáwà rẹ̀ ṣàn pọ̀ mọ́ra. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni mí, Japan ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ohun tí ó ṣe sí ìwé náà.

Bàbá ní, “Mò ń ka ibi tó kù.”

Mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, Kanae sì sọ ọ́ ní èdè wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mú fóònù náà, ó dì í mú títí Bàbá fi pa fóònù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wà nínú yàrá ìwádìí ṣáájú mi. Ó ti fi ọ̀bẹ kékeré la ohun tó dì nínú ìgò náà, àárín rẹ̀ sì ní ìwọ̀nba ẹyọ tí omi kò dé. Ó ṣí ìwé ọdún mọ́kànlélógójì náà síwájú mi. Àyè kan wà ní ẹ̀gbẹ́ fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìwọ̀n, ìjì, iná tó lọ, àìsàn olùkọ́ rẹ̀. Ó ní kí n kọ ti ọdún yìí fúnra mi, ní èdè tèmi. Mo kọ “omi àlùwàlá.” Lẹ́yìn náà ni a gbé tanátaná gbígbẹ tí mo kó láti Malete jáde, ó sì kọ́ mi ní wíwọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí mo fi lè ṣe é láìsí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò dárúkọ ìgò yẹn mọ́.

Ìwé tó bá mi wálé

Ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀, ó fi lẹ́tà kan lé mi lọ́wọ́, ó ti lẹ̀ ẹ́ pa, orúkọ ọ̀gá ẹ̀ka wa ló wà lára rẹ̀. Nínú bàálù, mo wò ó títí. Mo mọ̀ pé bàbá yìí kì í purọ́. Ohun tó sì jẹ́ òtítọ́ nípa mi, mo rí i nínú ìgò yẹn.

Ọ̀gá mi ṣí i níwájú mi, ó ní kí n jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í ga.

“Ọkùnrin yìí ba ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlélógójì tọ́jú jẹ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà ń kú lọ, mo ní kó máa kọ iye rẹ̀. Ó ń sunkún, kò fo iye kankan. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ba nǹkan kan jẹ́ rí, mi ò sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá bà á jẹ́. Ti eléyìí, mo mọ̀ ọ́n.”

Ó kà á tán. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́, ó ka gbólóhùn tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa bíró yọ, ó ní kí n gbé àwọn iye náà wá kí òun buwọ́ lù wọ́n. Mo dìde, mo lọ gbé wọn wá.